Ìlà Tààrà Músíò Florent

Kí n tó sọ bí Músíò Florent Ògúnkọ̀yà ṣe ṣubú, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ga tó. Nípa ti ìdúró, kò ga. Bí ó bá dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á rò pé ó ṣì jókòó. Inú oyè ni gíga rẹ̀ wà. Lẹ́tà tí wọ́n fi yàn án láti Lomé pè é ní dìrẹ́tà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kó tó lo oṣù mẹ́ta ní Atakpamé, ọ̀rọ̀ kan yẹn ti bímọ. Ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn bùrò rẹ̀ nìyí: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìsopọ̀, Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìlọsíwájú Gbogbo Ẹkùn Plateaux, Òkè àti Ìsàlẹ̀ Rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà kò gbà á tán. "Ìsàlẹ̀ Rẹ̀" bọ́ sára ògiri.

Ẹni tó bá fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ pè é tán. Bí o bá fo ọ̀rọ̀ kan, Laurent, akọ̀wé rẹ̀, á wúkọ́, ìwọ náà á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó wá gba ìwé kan péré lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀, tí "Òkè àti Ìsàlẹ̀" ń há a lẹ́nu títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Mo pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí èmi náà ṣì kéré, mo sì mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn wá. Fájọbí ló bí bàbá rẹ̀. Àwa tí a bá Fájọbí láyé kò lè gbàgbé ohùn rẹ̀. Bí iná bá ran oko lọ́gbẹlẹ̀, á gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn agboolé wa, á fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, á ké lẹ́ẹ̀kan. Oko méje á gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àna ni, á pe ẹnì kan sí ìkọ̀kọ̀, á sọ ọ́ sí i létí, onítọ̀hún á fẹsẹ̀ rìn lọ bá ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò sí ọjọ́ tí Fájọbí gun àpáta lọ ké ọ̀rọ̀ àna fún oko méje. Kò sì sí ọjọ́ tó rán ońṣẹ́ méje lọ sọ fún oko méje pé iná ń bọ̀. Kò mọ ìwé. Ó kàn mọ irú ọ̀rọ̀ tí ń lọ bá ẹnì kan, àti irú èyí tí ń lọ bá gbogbo èèyàn.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kàwé dé Lomé, ó kà á kọjá Lomé, ó sì gbé ìmọ̀ kan ṣoṣo bọ̀ wálé: pé ohun tí èèyàn méjì bá jọ ń lò kò níyì mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ní kí wọ́n yọ pátákó ìkéde kúrò lára ògiri. Kí ni ìtìjú tó ju pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá wà lára ògiri, kí ẹni tí ń gbálẹ̀ àti ẹni tí ń tẹ ìwé jọ máa kà á? Láti ọjọ́ náà ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń gba lẹ́tà tirẹ̀. Àwọn mẹ́tàlélógún ni, ọ̀rọ̀ kan náà, Laurent ló ń fi ọwọ́ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan tí ó sì ń dì í mọ́ inú àpòòwé. Nígbà kan, wọ́n fẹ́ gé omi fún ọjọ́ méjì. Lẹ́tà ìkẹtàlélógún dé ọwọ́ ẹni tó ni ín lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ń fọ ọwọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ.

Inú ilé iṣẹ́ báyìí ni àwọn àpótí ẹ̀rọ kan dé sí láti Lomé.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán wọn kò le. Ilé ìwòsàn ńlá ti ní wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó gba inú ilẹ̀ dé ìdí òpó irin tó wà lórí òkè. Ohun tó kù ni àwọn ilé ìwòsàn kékeré méje tó wà káàkiri abúlé. Wọ́n fẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí ẹ̀rọ, kó sì fi àwòrán ohun tó ń ṣe aláìsàn hàn án, kí wọ́n má baà máa gbé aláìsàn sórí alùpùpù zémì gba ojú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Fóònù lásán kò tó o. Ní Akparé, abẹ́ igi máńgò kan ṣoṣo ni fóònù ti ń gbọ́ ohùn, kò sì lè gbé àwòrán rárá.

Bàrákátù ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ Sàkàrìyáù tó ń ta aṣọ lọ́jà ni, ọmọbìnrin kan tí kì í pariwo, tí ẹ̀rọ sì máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ju bí ọkọ ṣe ń gbọ́ràn sí ìyàwó lọ. Ó tú àwọn àpótí náà sílẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó kí i tán, oyè sí oyè, òkè àti ìsàlẹ̀. Ó wá ní:

"Ọ̀gá, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ wo àwo méjì yìí. Ọ̀kan á kọjú sí èkejì gan-an, wọn kò mọ ẹlòmíràn. Gbogbo agbára ọ̀nà náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ó sì ń lọ jìnnà. Kan-sí-kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ ṣe é fún abúlé méje, àwo mẹ́rìnlá la máa wá, méje nínú wọn á sì so mọ́ òpó kan náà. Òpó á bẹ̀bẹ̀."

"Èyí tó gùn gbọọrọ ńkọ́?"

"Ìyẹn ń la apá ni, Ọ̀gá. Á dúró lórí òkè, á máa sọ̀rọ̀ sí ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Abúlé kọ̀ọ̀kan á ní kékeré kan tó kọjú sí i. Kan-sí-púpọ̀ nìyẹn. Bí abúlé kẹjọ bá dé lọ́la, kékeré kan péré la máa fi kún un. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n jọ ń pín in. Bí gbogbo wọn bá ń fa nǹkan lọ́wọ́ kan náà, á falẹ̀. Bí ti orí òkè bá sì kú, gbogbo wọn kú nìyẹn."

"Kí wá ni ìmọ̀ràn rẹ?"

"Abúlé mẹ́fà súnmọ́ wa, ọ̀rọ̀ wọn kò wúwo. Kí wọ́n jọ lo kan-sí-púpọ̀. Akparé jìnnà, ilé ìgbẹ̀bí ló sì wà níbẹ̀. Àwòrán inú oyún tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ wúwo. Kí a fún Akparé ní àwo méjì yìí."

Músíò Florent fi ọwọ́ pa ètè rẹ̀.

"Àwo méjì yìí, ta ni yóò máa bá Akparé pín in?"

"Kò sẹ́ni, Ọ̀gá."

"Akparé nìkan?"

"Akparé nìkan."

"Akparé," ni ó tún wí, bí ẹni tó bá ajá lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Kí agbẹ̀bí kan ní abúlé ní ìlà tirẹ̀, tààrà, kí èmi, èmi, máa bá ẹni tí ń gbálẹ̀ fa wáyà kan náà nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀gàn ni, Ọ̀gá mi!" ni Laurent kígbe. Omi ti ń bọ̀ lójú rẹ̀. Omijé Laurent wà nítòsí nígbà gbogbo, bí omi kànga àfonífojì.

Bí wọ́n ṣe pinnu nìyẹn. Wọ́n ní kí Bàrákátù so àwo kan mọ́ òpó orí òkè, kó so èkejì mọ́ òrùlé bùrò Músíò Florent. Wọ́n ní kó gé wáyà àtijọ́ tí gbogbo ilé náà jọ ń lò, kí ìyàtọ̀ lè wà láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Bí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógún yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, ó ní òun yóò kọ lẹ́tà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn abúlé náà, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, olúkúlùkù yóò ní ìlà tààrà tirẹ̀ nígbà tó bá yá.

"Ohun àjọlò yẹn ńkọ́, Ọ̀gá?" ni Bàrákátù bi í, ó ń tọ́ka sí àńtẹ́nà gbọọrọ tó wà nílẹ̀.

"Gbé e kúrò níwájú mi! Gbé e lọ síbi tí ojú mi kò ní rí i láéláé!"

Laurent kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó fún Bàrákátù ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà lọ́kàn yín.

Ọmọ Sàkàrìyáù lọ sílé, ó jókòó, ó rò ó. Níbo ni ojú Músíò Florent kò lè dé? Kò pẹ́ tó fi rí i. Ọkùnrin náà kì í wo òkè. Láti ìgbà tó ti joyè ni ọrùn rẹ̀ ti kọ̀ láti tẹ̀ sẹ́yìn, torí pé ẹni tó bá wo òkè ti gbà pé ohun kan wà lókè òun. Nítorí náà, Bàrákátù gbé àńtẹ́nà náà lọ sí ṣóńṣó òpó irin, gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ ṣe wí. Ó gbé àwọn kékeré lọ sí abúlé mẹ́fà. Méje ló bá wọn wá nínú àpótí, nítorí náà ó gbé ìkeje lọ sí Akparé, ó so ó mọ́ orí ọ̀pá irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgò. Akparé jìnnà jù fún un. Ohùn ń dé ibẹ̀, àwòrán ń dé bí ẹni tí ń tiro. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ẹṣin kì í bú ọ̀pá.

Tàntí Céline ni agbẹ̀bí Akparé. Nígbà náà, oyún ọmọ ọmọ àbúrò mi, Grâce, ti wọ oṣù kẹsàn-án, Céline sì ti fọwọ́ kàn án títí, ó mọ̀ pé orí ọmọ wà lókè, ìdí àti ẹsẹ̀ ló kọjú sí ọ̀nà. Oyún àkọ́kọ́ Grâce nìyẹn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, odò tó wà láàárín Akparé àti Atakpamé sì ní ìwà kan: bó bá kún, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ohun tí Céline fẹ́ kò ju kí dókítà máa wo ọwọ́ òun bí ọjọ́ náà bá dé, kí àwòrán náà má sì já. Ó dúró lábẹ́ igi máńgò, ó pe Músíò Florent.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìsopọ̀ àti Ìlọsíwájú…"

Laurent wúkọ́ nínú fóònù.

"Ẹ foríjì mí. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìsopọ̀, Ìbánisọ̀rọ̀ àti Ìlọsíwájú Ẹkùn Plateaux…"

"*Gbogbo* Ẹkùn," ni Laurent wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, arákùnrin, aboyún kan wà níbí tí…"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Tàntí."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé "Òkè àti", owó orí fóònù rẹ̀ tán. Títí di òní, kò dé Ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ wá ń súnmọ́. Madame Patricia ń bọ̀ láti Lomé, alábẹ̀wò àgbà, obìnrin tó kéré lára tí kì í rẹ́rìn-ín, láti wá wo ìsopọ̀ tuntun náà. Músíò Florent yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò sì fi ìlà tààrà rẹ̀ bá àwọn ọ̀gá Lomé sọ̀rọ̀ lórí aṣọ funfun ńlá kan tí wọ́n ta sí àgbàlá. Wọ́n ti dán an wò. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ tuntun.

Laurent ló wá ronú pé nǹkan kan ṣì kù. Ó kó páànù mẹ́jọ jọ, ó pe ayàwòrán kan láti ọ̀nà Notsé, ó ní kó ya ojú Músíò Florent sórí wọn, kí wọ́n gbé e sórí òrùlé, kí ẹni tó bá wà lórí òkè lè máa rí i. Ojú náà jáde dáadáa. Ó ga ju ẹni tó ni ín lọ ní ìlọ́po méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé e gòkè. Bàrákátù dé, ó rí wọn, ó sáré gun àkàbà.

"Ẹ̀gbọ́n Laurent, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbẹ̀! Iwájú àwo lẹ gbé e sí yẹn. Àwo méjì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ rí ara wọn. Páànù ni ẹ fi dí i lójú."

"Níbo ni kí n gbé e sí?"

"Ẹ̀yìn àwo. Ìṣísẹ̀ méjì péré. Ojú á ṣì hàn."

Laurent wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n lọ sin Ọ̀gá sí ààtàn.

"Bàrákátù, ọmọ ilé rere ni ọ́. Nílé yín, ṣé nǹkan máa ń dúró síwájú àgbà? Bí a bá ń rìn, ta ní ń ṣáájú? Bí a bá ń jókòó, ta ló wà níwájú? O wá fẹ́ kí n gbé irin dúró síwájú Ọ̀gá, kí Ọ̀gá máa yọjú lẹ́yìn irin bí ẹni tó jẹ gbèsè?"

"Àwòrán ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe Ọ̀gá."

"Ojú Ọ̀gá ni," ni Laurent wí. Ó kan ìṣó.

Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Láàárín wa, a kì í dúró síwájú àgbà. Fájọbí fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun lọ sóde. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fájọbí bá fẹ́ ké láti orí àpáta, ó máa ń sọ fún àwọn àgbà tó bá a gòkè pé, "Ẹ kúrò níwájú ẹnu mi." Wọ́n sì máa ń kúrò.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ là fún ìfilọ́lẹ̀ náà. Madame Patricia jókòó. Músíò Florent dìde, ó gun àpótí tí wọ́n fi aṣọ bò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Láti ìgbà tí ayé ti dáyé ni àwọn ènìyàn ti ń pín nǹkan. Wọ́n ń pín omi. Wọ́n ń pín ọ̀nà. Wọ́n ń pín afẹ́fẹ́, kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n! Lónìí, ní Atakpamé, ìlà kan ti jáde láti ọ̀dọ̀ mi. Kò yà sọ́tùn-ún. Kò yà sósì. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà!"

"Kò kí ẹnikẹ́ni!" ni Laurent gbè é.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn wo ara wọn. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹnì kan kò bá kí èèyàn lọ́nà, a máa ń béèrè ohun tó ṣe é.

"Ẹ wo ó!" Ó na ọwọ́ sí aṣọ funfun. "Lomé, mo kí ọ!"

Lomé kò dáhùn. Òrùka kékeré kan yọ láàárín aṣọ náà, ó ń yí. Gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó ń yí.

"Ẹ wo bó ṣe ń yí!" ni Laurent kígbe. "Kò dúró lójú kan! Ìlọsíwájú nìyẹn!" Ó sì pàtẹ́wọ́ fún òrùka náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Lomé!" Músíò Florent gbé ohùn sókè, bí ẹni pé etí Lomé ló di. "Èmi ni! Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìsopọ̀, Ìbánisọ̀rọ̀…"

Ó pè é tán. Òrùka ń yí.

"Ta ni onímọ̀ ẹ̀rọ níbí?" ni Madame Patricia bi wọ́n.

Bàrákátù dìde.

"Kí ló dé?"

Ọmọ náà kò fẹ́ dójú ti ọ̀gá rẹ̀. Ó kàn gbé orí sókè. Madame Patricia tẹ̀lé ojú rẹ̀, gbogbo àgbàlá sì tẹ̀lé ti Madame. Lókè lọ́hùn-ún, ojú ńlá náà kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí òkè.

"Kí ló wà lẹ́yìn ojú yẹn?"

"Àwo ni, Madame."

"Àwo tó yẹ kó máa rí orí òkè?"

"Òun ni, Madame. Kò rí i mọ́. Orí Ọ̀gá ló ń rí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò ní sọ ẹni náà, agbalagbà ni, ó sì bá mi tan.

Músíò Florent ní kí wọ́n lo wáyà àtijọ́. Wọ́n rán an létí pé òun ló ní kí wọ́n gé e. Ó bínú, ó béèrè aṣiwèrè tó gbà láti gé e, ibẹ̀ ni fóònù Bàrákátù sì dún. Céline ni. Kò kí i, kò sì béèrè ara, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé gbogbo ẹni tó wà nítòsí gbọ́.

"Bàrákátù, Grâce ti ń rọbí. Odò ti kún, ọkọ̀ ilé ìwòsàn dúró sí etí rẹ̀ lódìkejì. Ẹsẹ̀ ọmọ ni mo rí. Mo ti pe dókítà lórí ẹ̀rọ yẹn, ohùn rẹ̀ ń dé, ṣùgbọ́n àwòrán ń dúró, ń dúró. Kò rí ọwọ́ mi."

"Ẹ̀rọ wo?" ni Músíò Florent wí. "Akparé kò ní ẹ̀rọ kankan."

Bàrákátù ti ń sáré. Madame Patricia bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn ńlá kò jìnnà. Músíò Florent tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n oyè lọ́rùn, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, Laurent sì ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún àwọn tó wà lọ́nà pé, "Ẹ wo bí Ọ̀gá ṣe ń sáré dáadáa!"

Nínú yàrá dókítà, abúlé méje wà lójú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ojú fèrèsé kéékèèké méje. Níbì kan, nọ́ọ̀sì ń fi ẹsẹ̀ ọmọ tó jóná hàn. Níbòmíràn, wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́. Fèrèsé Akparé ti gan: ọwọ́ Céline dúró lójú kan, kò lọ, kò bọ̀.

"Ó pọ̀ jù lórí rẹ̀," ni Bàrákátù wí. "Wọ́n jọ ń fa ọ̀nà kan náà, Akparé ló jìnnà jù." Ó gbé ohùn sí ẹ̀rọ. "Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́. Aboyún wà nídìí abọ́. Ẹ yọwọ́."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé bí tiwa, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí a bá jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, tí aláboyún bá dé, a kì í sọ pé kó dúró de tirẹ̀. A máa ń yọwọ́, á jẹ yó, a ó padà. Kò sí abúlé kankan lára mẹ́fà náà tó béèrè ìdí. Ọ̀kan pa fèrèsé rẹ̀. Èkejì pa tirẹ̀. Ẹni tó ń fi ìwé ránṣẹ́ ní, "Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀," ó pa tirẹ̀. Ó ku Akparé nìkan.

Ọwọ́ Céline mì. Ó tún mì. Àwòrán là.

"Mo rí ọ báyìí," ni dókítà wí. "Má fà á. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò, Céline. Jẹ́ kó máa sọ̀ fúnra rẹ̀ títí a ó fi rí ìdodo. Grâce, ọmọ mi, ṣé o ń gbọ́ mi? Tì í síta nísinsìnyí."

Ní àkókò yìí ni Músíò Florent wọlé. Ó rí iná ẹ̀rọ, ó rí Madame Patricia, ó rí ibi tí gbogbo ojú kọjú sí, ara rẹ̀ kò sì lè gbà á mọ́ra. Ó tẹ̀ síwájú, ó dúró gangan níwájú dókítà, ó tún tàì rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀yin ará Akparé, ní orúkọ ilé iṣẹ́ mi…"

"Bàbá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" ni dókítà jágbe.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló dí ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Ó kúrò. Ó dúró ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìfọlẹ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pé ó wà níbẹ̀, títí kan Laurent.

Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó kọjá. Ẹ lọ bi Grâce. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ejìká jáde, orí jáde, yàrá náà sì dákẹ́, ó dákẹ́ jù. Céline fi aṣọ nu ọmọ náà kíkankíkan, ó tún nù ún. Ọmọ náà wá ké. Ó ké bí ẹni tó gun àpáta. Madame Patricia tí kì í rẹ́rìn-ín fi bàtà ọwọ́ rẹ̀ bojú. Ìgè ni wọ́n sọ ọ́, bí a ṣe ń sọ ọmọ tó bá fẹsẹ̀ ṣáájú wọ ayé.

Lẹ́yìn náà ni Músíò Florent rí àyè sọ̀rọ̀. Ó ní òun ni òun dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Madame Patricia ní kó mú ìwé wá. Kò ní. Bàrákátù ní tirẹ̀ nínú àpò. Ó nà án sí i, ìwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù: *Gbé e lọ síbi tí ojú mi kò ní rí i láéláé.* Obìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"O ṣe bó ṣe wí," ni ó sọ fún Bàrákátù. Ó yíjú sí igun. "Músíò, àwo tó wà lórí òrùlé yín àti èkejì rẹ̀, ta ló yẹ kí ẹ fún?"

"Madame, ipò mi…"

"Akparé," ni Bàrákátù dáhùn, kò sì sọ ọ́ sókè.

Kí oṣù náà tó parí, àwo náà ti dé Akparé, ọ̀kan lórí òpó òkè, èkejì lórí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ń wo ara wọn láìsí ohunkóhun láàárín. Abúlé mẹ́fà jọ ń lo tiwọn, abúlé kẹjọ sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn, kékeré kan péré ni wọ́n fi kún un. Pátákó ìkéde padà sára ògiri bùrò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni ìkéde pé Músíò Florent ti di igbákejì olùtọ́jú ìwé ní Notsé. Àwọn mẹ́tàlélógún jọ kà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ń gbálẹ̀ ló sì kà á sókè fún àwọn tí kò mú awò ojú wá. Mo gbọ́ pé yàrá tó wà báyìí, àwọn mẹ́jọ ló ń lò ó, wáyà kan. Laurent kò bá a lọ. Ó wà lọ́dọ̀ dìrẹ́tà tuntun, ó ń sọ fún un pé irun orí rẹ̀ dára.

Ó ku páànù mẹ́jọ. Ohun rere kì í ṣègbé lọ́dọ̀ wa. Céline tọrọ wọn, wọ́n sì fi bo àgọ́ tí àwọn aboyún ti ń dúró de agbẹ̀bí ní Akparé. Wọ́n kọ ojú náà sísàlẹ̀, kí òjò má baà tètè fọ ọ̀dà náà dànù. Nítorí náà, aboyún tó bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní níbẹ̀, Músíò Florent ló ń wò. Ojú kan ṣoṣo, obìnrin mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n jọ ń pín in.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Músíò Florent fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú kan, òjò ká a mọ́ ọ̀nà Akparé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí zémì, ó sáré wọ abẹ́ àgọ́. Àwọn obìnrin méje ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó kí wọn, orúkọ rẹ̀ lásán ló sì dá: "Florent ni mí." Ó dá dúró sí apá ibi tí kò sẹ́ni. Omi tutù bá a lórí. Ó tẹ ọrùn sẹ́yìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti joyè, ó wo òkè.

Grâce ló wà ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, Ìgè wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ojú tó wà lórí páànù tóbi ju tirẹ̀ lọ púpọ̀.

"Bàbá, ẹ má dúró sábẹ́ ẹnu ọkùnrin yẹn," ni ó wí. "Ojú ìṣó ló wà níbẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ṣe ló máa ń da omi síni lórí. A ti dí i, dí i, kò gbọ́." Ó sún, àwọn mẹ́fà yòókù náà sún. "Ẹ wá jókòó. Àyè wà."

Ó nu omi tó ń kán sí i ní imú. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó, ó di ìkẹjọ, ó sì gbé Ìgè lé itan kí bẹ́ǹṣì lè gba gbogbo wọn.